Ẹ yàwòrán òfin yẹn fún wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ òfin owó-orí tuntun yìí ń ká mi lára gan-an o. Oṣù kẹfà 2025 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, àmọ́ ìwé ẹ̀ gùn gbọọrọ, gírámà lórí gírámà, ta ló fẹ́ jókòó kà á lẹ́yìn tó ti ta ẹlùbọ́ látàárọ̀ lọ́jà Kubwa?

Iṣẹ́ gíráfíìkì ni mò ń ṣe, àwòrán ni mo sì fi ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá kan níbẹ̀. Mo ya abọ́ méjì, mo ní "Mama, ká ní èrè yín lọ́dún jẹ́ 1,200,000 náírà. 800,000 àkọ́kọ́ rèé nínú abọ́ yìí, ìjọba ò ní fọwọ́ kàn án. 400,000 tó kù bọ́ sí abọ́ kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, 60,000 nìyẹn, ó sì tún lè dín." Áà, Mama ti rò pé tí owó bá ti lé ní 800,000 pẹ́nrẹ́n, orí gbogbo ẹ̀ nìjọba ti máa gé owó-orí! Kíá ni wọ́n pe oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn pé kó wá wò ó.

Láti 2011 ni BudgIT, àjọ kan tí kì í ṣe tìjọba, ti ń fi àwòrán ṣàlàyé bọ́jẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹ̀yin ọ́fíìsì ìjọba l'Abuja níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ayàwòrán kí òfin tó jáde, kí àhesọ tó gba orí WhatsApp kan, ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá, Hausa, Gbagyi pàápàá.