Kí ẹ tó kó ọmọ àti ìyá àgbà lọ wo àwòrán inú ihò àpáta

Ẹni tó bá lo ọlidé ní àfonífojì odò Vézère, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, orúkọ Lascaux, ihò àpáta tí àwọn èèyàn ayé àtijọ́ ya àwòrán ẹranko sí, ni yóò máa gbọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Lascaux dára, n kò bú u. Àmọ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó sanwó pé ẹ kò ní fojú kan ihò náà gan-an. Ọdún 1940 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin wọ inú rẹ̀ tí ayé fi gbọ́ nípa rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1963, ìjọba ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, nítorí èémí àwọn èrò tó ń rọ́ wọ ibẹ̀ ti mú kí nǹkan aláwọ̀ ewé máa hù sára ògiri. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n mọ sí ẹsẹ̀ òkè ní Montignac ni gbogbo wa ń wò lónìí.

Tó bá jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kan péré lẹ ní, tó sì jẹ́ pé tọmọdé tàgbà lẹ fẹ́ kó lọ, Rouffignac ni kí ẹ lọ. Ihò tòótọ́ ni, àwòrán tòótọ́ ni, rélùwéè kékeré tó ń lo iná mànàmáná ló sì ń gbé èèyàn wọlé láti ọdún 1959. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tí orúnkún ń dá ìyá rẹ̀ láàmú: ọkọ̀ ló ń gbé yín wọlé, òun náà ló ń gbé yín jáde. Bíi kìlómítà kan ló ń rìn wọnú òkè. Ihò náà fúnra rẹ̀ gùn ju kìlómítà 8 lọ bí a bá ro gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀.

Òtútù ni kí ẹ kọ́kọ́ múra sílẹ̀ fún. Oòrùn oṣù kẹjọ lè máa jó yín lóde bí iná, ìwọ̀n 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni inú ihò yẹn wà tọdún tọdún. Bẹ́ẹ̀ ẹ kò rìn tí ara yóò fi gbóná, ìjókòó ni fún bíi wákàtí kan. Ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn wọ bùbá àti ìró léèsì. Nígbà tí mo na súwẹ́tà sí wọn nínú mọ́tò, wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu: “Nínú oòrùn yìí, ìyàwó mi?” Ẹ má bá àgbà jiyàn, ẹ kàn ká a sínú báàgì. Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi tẹ́ ọwọ́ sí mi láìsọ̀rọ̀.

Wọ́n máa ń tìlẹ̀kùn lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, aago méjì ni wọ́n tún ń ṣí i. Ẹ jẹun kí ẹ tó dé, kí ẹ sì tètè dé, torí iye èrò tí wọ́n ń gbà wọlé lójúmọ́ ní gbèdéke. Ẹ mú kí gbogbo ọmọ tọ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n búra pé ìtọ̀ kò gbọ̀n wọ́n. Èdè Faransé ni ẹni tó ń mú wa káàkiri ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kì í gba fọ́tò láàyè, nítorí náà bí ẹ bá ní ọ̀dọ́ tí fóònù lẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ẹ bá a sọ ọ́ tán nílé. N kò fẹ́ kí ẹ máa bá ọmọ jà nínú òkùnkùn.

Òkùnkùn náà ńkọ́? Ó ṣú. Iná kì í tàn títí, ibi tí wọ́n bá fẹ́ fi hàn nìkan ni wọ́n ń tan iná sí, wọ́n á sì tún pa á. Ọmọ tí kì í lè sùn láìsí iná, ẹ gbé e lé itan. Ọ̀nà tí mo gbà tí ẹ̀rù kò fi ba àwọn tèmi ni pé mo ti fi òkùnkùn ṣe eré fún wọn nínú ilé tí a háyà, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ pépà mọ́ abẹ́ tábìlì oúnjẹ, a pa iná, mo fún wọn ní tọ́ọ̀ṣì kan àti èédú, mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì kí wọ́n ya ẹṣin. Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ni? Apá ń ro wọ́n, èédú ń já sí wọn lójú, ẹṣin ọmọbìnrin mi kékeré sì dé ìdí kò rí pépà mọ́.

Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni àjà ńlá tó wà lópin ìrìn náà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti dúró, tí a sọ̀ kalẹ̀, tí a gbójú sókè. Ẹṣin, òbúkọ orí àpáta, bísọ́nì tó fara jọ ẹfọ̀n, àgbáńréré, màmọ́ọ̀tù (erin onírun tó ti parẹ́ láyé), wọ́n gun ara wọn lórí, wọ́n kọjú sí ibi gbogbo. Láyé òde òní ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kí èrò lè dúró ṣánṣán. Láyé ẹni tó yà wọ́n, àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀ àti àjà kò ju bíi mítà kan lọ. Ó ní láti dùbúlẹ̀ tàbí kó ká gúlútú, kò sì lè rí odindi ẹran kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bó ṣe ń yà á. Ọmọbìnrin mi wò ó títí, ó ní, “Mọ́mì, tiẹ̀ ò jábọ́ nínú pépà.” Ẹni tí kò bá ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, wọn á kọ́kọ́ fi kòtò inú amọ̀ hàn yín. Béárì ayé àtijọ́ ló gbẹ́ wọn tí wọ́n ń sùn síbẹ̀ nígbà òtútù, ojú ibi tí wọ́n fi èékánná ha sì wà lára ògiri. Ẹ má kánjú níbẹ̀. Ọmọkùnrin mi kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwòrán mọ́, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo wọn ti lọ tán.

Màmọ́ọ̀tù ni ọba ibẹ̀. Àwòrán ibẹ̀ lé ní 250, màmọ́ọ̀tù nìkan lé ní 150 nínú wọn. Ilà dúdú ni wọ́n fi yà àwọn kan, wọ́n fi òkúta ha àwọn mìíràn sára ògiri. Ojú tí ọ̀sán ṣì wà nínú rẹ̀ kì í tètè rí wọn. Ohun tí mo ń sọ fún ọmọ ni pé kó má wá odindi erin. Kó wá ilà orí àti ẹ̀yìn, bó ṣe yọ gongo lórí tó sì dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí ìdí. Tó bá ti rí ilà yẹn, ọwọ́jà àti irun yóò jáde fúnra wọn. Mo bi ìyá ọkọ mi bóyá wọ́n rí i. “Mo rí nǹkan fìrí,” ni wọ́n wí, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ń bi wọ́n pé kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá rọra ń ṣàlàyé fún wọn pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Arábìnrin tó ń mú wa káàkiri ní láti dákẹ́ dúró dè wá. N kò bẹ̀bẹ̀. Ta ló tún ń rí irú àyè bẹ́ẹ̀ pa òwe yẹn?

Àwọn ọmọ yóò bi yín nípa orúkọ tí èèyàn fi èéfín àbẹ́là kọ sára àjà. Èrò ti ń wọ ihò yẹn tipẹ́. Òǹkọ̀wé ọmọ Faransé kan, François de Belleforest, ti mẹ́nu kan àwọn àwòrán ibẹ̀ nínú ìwé lọ́dún 1575. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Nougier àti Robert, kéde wọn lọ́dún 1956, àwọn kan ní ayédèrú ni, ìjà ọ̀hún sì ràn. Ti àwọn tó kọ orúkọ, ìyá ọkọ mi ní aláìnítìjú kò sí níbi tí kò sí.

Ohun tí mo fi pamọ́ títí di ìgbà tí a jáde ni ọ̀rọ̀ ìka ọwọ́. Apá kan ògiri ihò náà rọ̀, àwọn èèyàn ìgbà náà sì fi ìka fa ilà sí i. Àwọn olùwádìí wọn ìbú ìka wọn, wọ́n rí i pé ọmọdé wà nínú wọn, tó fi mọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ọmọbìnrin bí ọdún márùn-ún kan sì wà lára àwọn tó fa ilà jù. Àwọn ilà kan ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àgbà ló gbé ọmọ sókè. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ lẹ́yìn nítorí pé wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ògiri. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọdé ṣe é, ta ló fẹ́ dì wọ́n lọ́wọ́ mú?

Lẹ́yìn èyí, ẹ lè wá lọ sí Lascaux lọ́jọ́ kejì. Ẹ má yí ètò yẹn padà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí màlúù ńlá Lascaux, tó gùn ju mítà márùn-ún lọ, àti àwọn ẹranko aláwọ̀ pupa àti òféfèé tó wà níbẹ̀, ilà dúdú Rouffignac lè sú u. Tíkẹ́ẹ̀tì Lascaux, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti rà á kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó bá sì ń gbèrò ọlidé Kérésìmesì, kó gbàgbé Rouffignac ná, wọ́n máa ń tì í pa lásìkò òtútù títí di ìgbà ìrúwé.