Òkú tí mo ní kò lè dìde mọ́

Ẹni tó bá tún fẹ́ bi mí léèrè bóyá remake, ìyẹn géèmù àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe, dára tàbí kò dára, kó kọ́kọ́ wá wo orúnkún mi ná. Ó ṣì wú. Àbúrò mi obìnrin ti búra pé òun ò ní fi mí rẹ́rìn-ín mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń tiro kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, màá gbọ́ ohùn kan tó wúwo, tó kún fún ọgbọ́n àgbà: “Ó ti kú. Kò lè dìde mọ́.” Èmi ló ń sín jẹ.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ mí. Wọn kì í dárúkọ Resident Evil, géèmù àwọn òkú tó ń rìn tó sì ń jẹ èèyàn, lójú mi kí ẹnu má yún mi. Èyí àkọ́kọ́, ti 1996 lórí PlayStation, bí mo ṣe máa ń ròyìn rẹ̀, ẹ ó rò pé èmi ni mo ń gbé tíì fún Shinji Mikami nígbà tó ń darí iṣẹ́ náà. Mo mọ yàrá tí kọ́kọ́rọ́ wà. Mo mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ajá ti máa ń já wọlé láti ojú fèrèsé. Òkú àkọ́kọ́ yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ sórí ẹni tó ń jẹ, tó wá rọra yí orí pípá rẹ̀ padà wò ọ́, mo mọ ìgbà tó máa yí i. Àtúnṣe rẹ̀ tó jáde lórí GameCube ní 2002 ńkọ́? N kò fọwọ́ kàn án rí. Ìlànà ni. Mo máa ń ní, “Kí ni wọ́n fẹ́ tún ṣe lára ohun tí kò bàjẹ́?” Tí mo bá sọ ọ́ tán, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó lè wọ àwọn èèyàn lára.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi ra ẹ̀dà tí wọ́n tún fọ̀ mọ́ ní 2015 fún àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé, tó jókòó tó ń gbá a jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, ta ló gbé àga sún mọ́ ọn? Kò ránṣẹ́ pè mí o. Mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn orí, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kò pẹ́, ó rí ìgò kan.

“Bọ̀ọ̀dá mi, kẹrosíìnì rèé. Ó jọ pé òkú ni wọ́n ní ká fi sun.”

“Kẹrosíìnì kẹ̀? Sọ ọ́ sínú àpótí. Ẹrù lásán ni. Ti 1996 ò ní kẹrosíìnì.”

“Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi í síbí, ó ní láti jẹ́ pé...”

“Gbọ́ mi. Ẹrù mẹ́jọ péré ni Jill tí o fi ń gbá a yìí lè gbé. O fẹ́ gbé kẹrosíìnì, o tún fẹ́ gbé láítà tí wàá fi ṣáná sí i. Ṣé eyín lo máa fi di ìbọn mú ni?”

Ẹ wò ó, mo gbádùn gbólóhùn eyín yẹn. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó gbọ́ràn, ó sọ kẹrosíìnì sínú àpótí. Lẹ́yìn náà ló pa òkú kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan. Òkú náà ṣubú, ẹ̀jẹ̀ rọra tàn kálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi ní ṣé kí òun padà lọ mú ìgò yẹn wá báyìí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ káàánú rẹ̀. Mo dìde, mo lọ fi ìka kan ojú tẹlifíṣọ̀n gan-an, mo ní, “Ṣé o rí ẹ̀jẹ̀ yìí? Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde báyìí, ó parí nìyẹn. Ó ti kú. Kò lè dìde mọ́.”

A dé yàrá tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Ẹni tó bá ti gbá géèmù yìí rí mọ̀ pé sééfù, ìyẹn fífi ibi tí o gbá a dé pamọ́ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn, kì í ṣe ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Ríbọ́nì lèèyàn máa ń ná lé e lórí, ríbọ́nì ò sì pọ̀. Ó fẹ́ ṣe sééfù. Ẹ tún gbọ́ ohun tí àgbà wí: “Má fi ríbọ́nì ṣòfò. A ò tíì ṣe nǹkan kan.”

A ò tíì ṣe nǹkan kan! Ọmọ ọlọ́mọ ti jókòó sídìí géèmù láti ìgbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́, alẹ́ ti lẹ́, ó ti kó kọ́kọ́rọ́, ó ti kó ọta, ó ti tú àdììtú oríṣiríṣi. Èmi tí n kò fọwọ́ kan páàdì ni mo ní a ò tíì ṣe nǹkan kan.

Bí a ṣe padà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kọjá nìyẹn. Òkú wa ṣì nà gbalaja síbẹ̀. Mo tilẹ̀ kí i. Mo ní, “Sùn re o, bàbá.” Àbúrò mi dúró.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ó jọ pé ó ń mira.”

Mo sún síwájú, mo di ojú kan, mo la ìkejì. Mo ní, “Iná tẹlifíṣọ̀n ni.”

Iná tẹlifíṣọ̀n! N kò mọ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ń fọ́nnu pé mo mọ iye ìgbésẹ̀ tó wà nínú ilé yẹn, òkú ń dìde lójú mi, mo ń ṣàlàyé iná. Bí wọ́n bá bi mí nígbà yẹn, ǹ bá tún sọ irú iná tó jẹ́.

Òkú náà dìde. Kì í ṣe ìdìde jẹ́jẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ o. Ó fò sókè ni. Orí rẹ̀ ti pọ́n, èékánná ti yọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń sáré. Sáré! Ní 1996 wọn kì í sáré. Wọ́n máa ń wọ́ ẹsẹ̀ ni, èèyàn á ti tú páálí bísíkíìtì kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Crimson Head ni wọ́n ń pe irú èyí. Òkú tí o bá pa tí o kò bá sun ún, tí o kò sì fọ́ orí rẹ̀, ó lè jí padà, kó sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó ti gbá àtúnṣe náà ló mọ̀. Ẹni tó ní ìlànà nìkan ni kò mọ̀.

N kò mọ bí mo ṣe kúrò lórí àga. Ariwo tí mo pa, màmá wa tó wà nínú yàrá kejì rò pé olè ti wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó fi àwa méjèèjì sílẹ̀ fún olè. Mo fò bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná lé, ẹsẹ̀ mi kọ́ wáyà iná, wáyà fa ẹ̀rọ géèmù, ẹ̀rọ géèmù bá mi dé ẹnu ọ̀nà, a jọ lu ilẹ̀kùn. Orúnkún ló kọ́kọ́ dé. Àbúrò mi ò kúrò lórí ìjókòó o. Páàdì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnì. Ó fẹ́ jà. Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n tó ti dúdú kirikiri, kò sọ̀rọ̀. Ó yíjú wò mí nílẹ̀ níbi tí mo wà, mo gbá ẹ̀rọ géèmù mọ́ra.

“Bọ̀ọ̀dá mi,” ó ní, “ṣé iná tẹlifíṣọ̀n náà ni?”

Kò sí sééfù. Ẹ sì mọ ẹni tó ní ká má ṣe é.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ráyè ronú, nítorí ẹni tí kò lè tẹ orúnkún kò ní iṣẹ́ méjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ohun tí wọ́n ṣe fún mi yẹn, òun gan-an ni remake. Mikami tó darí ti 1996 náà ló padà wá darí ti 2002. Ó mọ ohun tí a mọ̀. Ó mọ̀ pé a ó máa yan fanda kọjá lára òkú bí ẹni pé ilé bàbá wa ni. Ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ajá. Nínú ti àkọ́kọ́, o ń kọjá, gíláàsì fọ́ yángá, ajá wọlé. Nínú ti 2002, o ti múra, ìbọn ti wà lọ́wọ́, o kọjá, gíláàsì kàn sán. Ajá kankan ò wọlé. O mí kanlẹ̀, o ní wọ́n ti yọ ajá kúrò. Ìgbà tí o bá tún gba ibẹ̀ padà lo máa tó mọ̀ pé ajá wà níbẹ̀ digbí. Ẹni tí kò gbá ti àtijọ́ rí kò kó sínú irú wàhálà yìí. Wọ́n fún un ní kẹrosíìnì, ó mú kẹrosíìnì. Àwa onímọ̀ ni wọ́n dẹ pàkúté náà fún, a sì ń fi ẹsẹ̀ ara wa rìn wọ inú rẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé àwọn tó jẹ́ pé ojú lásán ni wọ́n bù fún. Géèmù kan wà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, mo ti rà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un rà, mo tún tún un rà. Irùngbọ̀n akọni ibẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Mo lè ka irun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí. Ta ló rán mi?

Resident Evil 4 ti 2023 mọ̀ ọ́n ṣe. Nínú ti 2005, fídíò á máa lọ, o gbé páàdì sílẹ̀ kí o họ imú, bọ́tìnì kan á ṣàdédé yọ, kí o tó tẹ̀ ẹ́, ọ̀bẹ Krauser, ọ̀tá rẹ, ti wọlé. Wọ́n sọ ìjà ọ̀bẹ yẹn di ìjà gidi tí o máa fi ọwọ́ ara rẹ jà. Mo yìn wọ́n gidigidi. Mo tún kú ṣá.

Ti Hideo Kojima, ẹni tó ṣe Metal Gear Solid, ló ń kọ mí lóminú. Ní 1998, nínú géèmù yẹn, ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Psycho Mantis, tó ń ka ọkàn èèyàn, á ka inú memory card rẹ, káàdì tí géèmù ń fi sééfù pamọ́ sí, á máa dárúkọ géèmù tí o ti gbá sí ọ létí bí ẹni ń kà ẹ̀ṣẹ̀. O lù ú, kò bà á, títí o fi máa yọ páàdì kúrò ní ojú ihò kìíní tí wàá kì í bọ ìkejì. Ta ló máa ń ronú báyìí? Ní báyìí tí páàdì kò ní okùn, tí memory card ti di ìtàn, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ tún un ṣe? Ẹni tó bá kàn ya ojú Mantis dáadáa, tí kò wá ọ̀nà tuntun láti tú mi láṣìírí, mo rò pé kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí n dá àwọn tó ń ṣe géèmù lẹ́bi jù, àwa gan-an la nira láti tẹ́ lọ́rùn. Wọn ò yí nǹkan padà, a ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Wọ́n yí i padà, a ní wọ́n ba ìgbà èwe wa jẹ́. Àwọn tó ṣe Final Fantasy VII Remake ní 2020 mọ̀ wá dunjú. Midgar, ìlú tí à ń gbá kọjá ní ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ní 1997, òun nìkan ni wọ́n fi ṣe odindi géèmù. Wọ́n wá kó àwọn iwin kan sínú rẹ̀ tó ń fò kiri nínú aṣọ dúdú; iṣẹ́ wọn ni pé bí ìtàn bá ti fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà tó gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n á ya bò ó, wọ́n á fà á padà. Mo ń ráhùn pé kí ni eléyìí tún jẹ́, pé kò sí i nínú ti àtijọ́. Àbúrò mi wo àwọn iwin náà, ó wò mí.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin rèé.”

N kò fèsì. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí iyì mi lè padà, mo lọ gbé ti 1996 gan-an jáde. Mo ní kó wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí mo gbàgbé ni pé nínú géèmù yẹn, bí o bá tẹ òkè, iwájú ni ẹni náà ń lọ, ibikíbi tí ojú rẹ̀ bá kọ sí. Kámẹ́rà á sì máa fò láti igun kan sí òmíràn. Ibì kan wà tí ojú Chris, akọni tí mo fi ń gbá a, kọ sí. Ògiri ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ń rìn lójú kan, ó ń lu ògiri. Mo yí i, ó kọjú sí ògiri kejì. Òkú apárí yẹn dìde níbi oúnjẹ rẹ̀, ó wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó bá mi níbẹ̀. Àbúrò mi fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun ò mọ̀ pé ògiri ló ń pààyàn nínú ti àtijọ́.

Ó ti gbá ti 2002 parí báyìí o, òun nìkan, pẹ̀lú kẹrosíìnì lọ́wọ́. Gbogbo òkú tó rí ló sun. Ó ti ra Resident Evil 2 ti 2019, ibi tí ọkùnrin gìrìwò onífìlà kan ti máa ń lépa èèyàn láti yàrá dé yàrá, tí wàá sì máa gbọ́ dìn-ìn, dìn-ìn bàtà rẹ̀ lókè àjà kó tó yọ. Ó ti fi téèpù lẹ gbogbo wáyà mọ́ ilẹ̀. Ó ti gbé àga mi sí àyè rẹ̀. Ó ní kí n wá máa ṣàlàyé fún òun, ṣebí mo mọ ti 1998 bí ẹni mowó. Mo ní mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ wo? Mo ní mo ń kọ nǹkan.