Ilé Ọ̀hún Ti Fẹ̀ Jù Nínú Fíìmù

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo dé Chicago, àwa márùn-ún là ń gbé ilé oníyàrá méjì: Àǹtí mi, ọkọ wọn, ọmọ wọn méjì, èmi sì rèé lórí àga pálọ̀. Láàárọ̀, bí ẹnìkan bá pẹ́ ní balùwẹ̀, wàhálà dé nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Àǹtí mú mi lọ wo A Raisin in the Sun lórí ìtàgé, bí ẹni pé ilé wa ni mo bá níbẹ̀. Ọmọ kan ń sùn lórí àga pálọ̀. Balùwẹ̀ wà ní ìta, wọ́n ń bá aládùúgbò pín in, wọ́n ń sáré kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú wọn wọlé. Gúúsù Chicago níbí ni Lorraine Hansberry gbé ìtàn náà kalẹ̀ sí. Ní 1959 tó dé Broadway, àdúgbò àwọn gbọ̀ngàn eré ńlá ní New York, òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí eré rẹ̀ dé ibẹ̀. Owó ìnṣọ́ránsì bàbá tó kú, 10,000 dọ́là, ló ń dá ìjà sílẹ̀: Walter, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, fẹ́ fi dá ṣọ́ọ̀bù ọtí sílẹ̀, ìyá fẹ́ fi ra ilé, Beneatha, àbúrò Walter obìnrin, fẹ́ kàwé dókítà. A ò kúrò nínú pálọ̀ yẹn títí eré fi parí. Bí Walter bá pariwo, ariwo náà ò ríbi gbà jáde, àyà àwa tá a jókòó ló ń wọ̀.

Ọmọ Yorùbá kan wà nínú rẹ̀, Joseph Asagai. Etí mi ò gba Asagai ní orúkọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó pe Beneatha ní Alaiyo, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí oúnjẹ nìkan kò tó. Aláìyó! Mo yíjú sí Àǹtí, àwọn náà ti ń wò mí.

Bá a ṣe wá fíìmù rẹ̀ ti 1961 kàn nìyẹn. A gbé gúgúrú àti ẹ̀pà kalẹ̀. Sidney Poitier, Claudia McNeil, Ruby Dee, Diana Sands, àwọn tó ṣe é ní Broadway gan-an ló wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn. Àfi bí kámẹ́rà ṣe gbé Walter lọ sílé ọtí, tó tún kó gbogbo ẹbí lọ wo ilé tuntun. Lórí ìtàgé, ẹnu ìyá nìkan la ti rí ilé yẹn, ó sì rẹwà ju èyí tí wọ́n fi hàn wá lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jáde, èmi náà ń mí. N kò fẹ́ mí.

Nígbà tó yá, mo kà pé Hansberry kọ àwọn ìran tuntun fún fíìmù náà, tó fi ìyà tí ìlú ń fi jẹ adúláwọ̀ hàn, pé ilé iṣẹ́ fíìmù sì gé púpọ̀ nínú wọn dànù. Ó dùn mí gan-an. Tí ẹ bá máa mú wa jáde, ẹ jẹ́ ká rí i pé ìta há ju pálọ̀ lọ!

"Wọ́n ti tú u lára," Àǹtí ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n kó abọ́ wọlé. Mo gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lórí àga, mo tẹ́ aṣọ mi síbẹ̀. Àbúrò ti ń kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀.