Ọdún Bàbá Rélùwéè

Ọdún ti fẹ́ parí, mo sì jókòó láti yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe máa ń ṣe. Àmọ́ bí mo bá ní kí n to oṣù rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kò tò. Oṣù Kẹjọ tí Bàbá mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́, ṣaláìsí ti gbé gbogbo wọn mì. Mo mọ̀ pé mo san owó ilé-ìwé tí mo padà sí, mo mọ̀ pé ìjì ká òrùlé ilé ìdáná, Dàpọ̀ sì gbéyàwó (ẹ ṣeun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa débẹ̀). Ìyókù, Bàbá ni.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun ọ̀gbìn ni mo kà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Alábàtà, ajílẹ̀ àti irúgbìn àgbàdo ni mo sì ń tà fún àwọn àgbẹ̀ kí n tó ní sàíkọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà èèyàn, ni mo fẹ́ ṣe. Ẹni tó gboyè nínú iṣẹ́ mìíràn kì í sábà wọ másítà rẹ̀ tààrà. PGD (Postgraduate Diploma) ló máa kọ́kọ́ ṣe, kó lè ní ìpìlẹ̀ tí àwọn tó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ti ní. Nọ́ọ̀sì wà ní kíláàsì wa, òṣìṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, statistics sì ń ba gbogbo wọn lẹ́rù. Èmi ṣí ìwé, mo bá ojúlùmọ̀ mi níbẹ̀: ìṣirò tí a fi ń mọ̀ bóyá ajílẹ̀ ṣiṣẹ́ lóko. Oko ló ti wá lóòótọ́. R. A. Fisher, onímọ̀ ìṣirò tó gbé e kalẹ̀, wà ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó gbé ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1925. Poro àgbàdo ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì wa, ó sì yé e.

Ìgbà tí a dé orí ẹ̀kọ́ nípa ìrántí ni ilé-ìwé wọlé wá bá mi nílé. Lọ́dún 1953, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún Henry Molaison ní Amẹ́ríkà nítorí wárápá tó ń dà á láàmú. Láti ìgbà náà, ohun tuntun kì í dúró lórí rẹ̀ mọ́. Brenda Milner, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì, wá ní kó máa fi pẹ́ńsùlù tọ ìlà àwòrán ìràwọ̀ nígbà tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú dígí. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ti já fáfá, síbẹ̀ kò rántí pé òun ṣe irú ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ tí mo ka èyí ni Bàbá pè mí ní ọ̀gá téṣàn. Àìsàn ìgbàgbé tiwọn kì í ṣe ti Molaison, mo mọ̀. Àmọ́ wọn ò mọ orúkọ mi mọ́, tí wọ́n bá sì na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni tó di àsíá mú, ẹ óò gbọ́: Ìdó, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, Yábàá, Múṣín, Òṣòdì, Ìkẹjà, Agége, títí wọ́n á fi wọ Láfẹ́nwá láì fo ọ̀kan.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù. Wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á ní àwọn ń lọ síbi iṣẹ́. Àǹtí Títí á ní, “Bàbá, ẹ ti fẹ̀yìntì!” Ìjà dé nìyẹn. Màmá á rọra fà wọ́n lọ́wọ́: “Bàbá Títí, ọkọ̀ Kánò ṣì wà ní Ìfọ̀. Ẹ jókòó, ẹ jẹun ná.” Wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹun. Nígbà tó yá ni mo rí i kà pé Naomi Feil fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn olùtọ́jú ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n tẹ̀lé àgbàlagbà lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ wà, kí wọ́n má bá a jiyàn. Màmá ò ka ìwé kankan.

Nígbà tí a ní ká gbé Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò, Àǹtí Ìtòkò fárígá. Arán lásán ni, wọ́n ní, ṣé a fẹ́ ba ìdílé lórúkọ jẹ́ ni? Mo sọ fún wọn pé Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta níbí, ló bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ lọ́dún 1954, tí aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, tí ẹbí rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n tẹ̀lé wa, wọ́n gbé fúláàsì ẹ̀kọ dání. Dókítà bi Bàbá ní ìbéèrè díẹ̀, ó wá kọjú sí Màmá, ti Màmá sì pẹ́. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìdíkàn n'Íbàdàn lọ́dún 1992 náà ń bi ẹbí léèrè, torí àgbàlagbà fúnra rẹ̀ lè ní kò sí nǹkan kan. Lọ́dún 2001 wọ́n gbé e jáde pé nínú 100 àgbàlagbà n'Íbàdàn, bíi 1.15 ni àìsàn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún, nígbà tó jẹ́ 2.52 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìròyìn ayọ̀ ni fún wa. Ó kàn jẹ́ pé bàbá tèmi wà nínú ìwọ̀nba yẹn ni.

Mo fẹ́ sọ bí òwúrọ̀ ọjọ́ tí Bàbá lọ ṣe rí. Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti tíkẹ́ẹ̀tì. Pásítọ̀ wá gbàdúrà lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú. Bí wọ́n ṣe ní “Àmín,” Bàbá la ojú, wọ́n na ọwọ́: “Tíkẹ́ẹ̀tì dà?” Gbogbo ilé dákẹ́. Màmá fa ìwé ètò ìsìn yọ nínú Bíbélì, wọ́n kì í bọ Pásítọ̀ lọ́wọ́. Bàbá gbà á, wọ́n ya igun rẹ̀ kan dànù, wọ́n dá a padà, wọ́n ní, “Ẹ wọlé.” Pásítọ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi hàn mí níbi ìsìnkú.

Mo yege PGD náà. Ó dùn mí dọ́kàn pé Bàbá ò rí i. Ẹ̀yin ará kíláàsì tẹ́ ẹ kọ nóòtì pa mọ́ dè mí, Ọlọ́run á san án fún yín. Àǹtí Títí tẹ́ ẹ san ìyókù owó, ẹ kú ìnáwó. Mo ti gba fọ́ọ̀mù másítà, sàíkọ́lọ́jì ti ilé ìwòsàn ni mo fẹ́. Mi ò tíì mọ ibi tí owó rẹ̀ máa gbà wá, àmọ́ mo ti kún un tán.

Ìyàwó Bàbá Kafayat ti wá bá Màmá lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ tiwọn náà ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Torí náà, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kìíní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ wá sí ilé wa ní Láfẹ́nwá ní aago mẹ́rin. Màmá ló máa sọ̀rọ̀, èmi á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àǹtí Ìtòkò ní àwọn á kó àga wá.