Owó ilé ọdọọdún ní Gwagwalada, owó ilé oṣooṣù ní Leeds

Ìbéèrè tí àwọn ará ilé ń bi mí jù ni pé, ṣé ayé akẹ́kọ̀ọ́ níbí rọrùn ju ti Nàìjíríà lọ? Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí bí wọ́n ṣe ń gba owó ilé. Iye owó náà ṣe pàtàkì lóòótọ́, àmọ́ àsìkò tí wọ́n ń gbà á ló ń pinnu bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń sùn. Ní Gwagwalada tí mo ti kàwé gboyè àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni lánlọ́ọ̀dù ń gba tirẹ̀. Ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo wà báyìí, oṣooṣù ni.

Gwagwalada tó bíi kìlómítà 50 sí àárín ìlú Abuja. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń gbé ní Kubwa bíi tiwa kò lè máa ti ilé lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Owó ọkọ̀ á jẹ ẹ́ run, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ á sì gba ìyókù ọjọ́. Bẹ́ẹ̀dì họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í kárí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba àpapọ̀, nítorí náà ìgboro la máa ń wá yàrá sí. Àbúrò mi ọkùnrin wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Self-contain kan ló rí sí Kutunku, 400,000 náírà lọ́dún. Ejẹ́ǹtì gba 40,000, lọ́yà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fojú kàn gba 40,000, lánlọ́ọ̀dù tún ní kó fi 50,000 caution, ìyẹn owó ìdógò, lé e. Ó di 530,000 náírà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Omi ò sì sí nínú ẹ̀rọ; mai ruwa, ẹni tó ń ta omi, ló ń ti ọmọlanke rẹ̀ wá láàárọ̀.

Ibi tí owó yẹn ti ń jáde ló yẹ kí ẹ rí. Màmá mi ń ta èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ní ọjà Kubwa. Àwọn obìnrin méjìlá ló jọ ń dá àjọ, ẹnì kan ló ń kó o lóṣù kan. Láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì ni Màmá ti ń bẹ olórí àjọ pé kó jẹ́ kí tàwọn bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, torí oṣù náà ni owó ilé máa ń pé. Ọdún tí ẹlòmíì bá ti gba oṣù kẹsàn-án mọ́ wọn lọ́wọ́, láti oṣù keje ni Bàbá á ti máa pe àwọn ẹbí ní Ìlọrin, àwa ọmọ á sì máa gbọ́ ohùn wọn láti yàrá kejì bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ìwé kì í wọ̀ mí lórí ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ tí a bá ti san án, ó tán nìyẹn. Odidi ọdún kan, kò sẹ́ni tó máa wá kanlẹ̀kùn. Ebi lè pa wá, iná lè lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ilé ti dáni lójú. Ẹni tí kò bá rí owó náà ṣe, squatter ló ń dà: á tẹ́ fóòmù rẹ̀ sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àwọn tó ni yàrá. Àwa mẹ́rin la ti jọ gbé yàrá kan rí. Tí ẹnì kan bá fẹ́ kàwé lóru, òmíràn á gbé orin sókè, ìjà gáàsì kì í sì í tán. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní ohun tó dára. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wa bá fi gàrí sùn lálẹ́ ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, àwọn mẹ́ta yòókù rí i, wọn a sì bi í pé kí ló dé.

Ní Leeds, àwa márùn-ún la ń gbé ilé kan ní Hyde Park, àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, oníkálukú pẹ̀lú yàrá àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. £125 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ṣírò yàrá mi sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣooṣù ni mò ń san án. Iná kì í lọ. Òfin wà lẹ́yìn ayálégbé: owó ìdógò kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, lánlọ́ọ̀dù sì gbọ́dọ̀ fi í sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín 30 ọjọ́. Lánlọ́ọ̀dù tí mo kó kúrò nílé rẹ̀ ní Gwagwalada kò dá kọ́bọ̀ padà nínú caution mi. Ó ní ọ̀dà ògiri ti ṣá. Ibi tí mo lè fẹjọ́ sùn á ná mi ju owó náà lọ, ó sì ń dùn mí dòní.

Ohun tó ń dani láàmú níbí ni pé owó kì í sinmi. Wákàtí 20 péré ni ìwé àṣẹ ìgbélùú wa gbà láàyè fún iṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Owó iṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin di £12.21 fún wákàtí kan ní oṣù kẹrin 2025, iye yẹn gan-an ni wọ́n sì ń san fún mi lọ́dún náà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá rí gbogbo wákàtí 20 ṣe nígbà náà, £244 ni. Tí ọ̀gá bá fún mi ní wákàtí mẹ́jọ, kò tó £100, kò sì lè san owó yàrá ọ̀sẹ̀ kan.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni rota, ìwé tó ń sọ ọjọ́ tí oníkálukú máa ṣiṣẹ́, máa ń jáde lórí fóònù. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo ti máa ń ṣí i wò, máa pa á dé, máa tún un ṣí. Ìwé á wà níwájú mi, mi ò ní mọ ohun tí mò ń kà. Tí orúkọ mi bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo lè sùn. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, mo ti ń ṣírò nìyẹn: owó gáàsì, owó bọ́ọ̀sì, owó ilé ìwé tó kù, owó tí mo ṣèlérí fún Màmá. Nílé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àníyàn yìí ń dé, á sì lọ. Níbí, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, òun ló sì ń mú ọ̀pọ̀ wa rù.

Yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ tún máa ń bo ìyà mọ́lẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà kan wà ní òkè ilé wa. Lójoojúmọ́ ló ń kí mi lórí àtẹ̀gùn, “Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí mi.” A ò mọ̀ pé búrẹ́dì àti tíì nìkan ló ń jẹ látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló pè mí láti Kaduna: “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi kan ilẹ̀kùn rẹ̀.” Nígbà tó ṣí i, kóòtù ló wọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti pa hítà, torí kò mọ ibi tí òun á ti rí owó gáàsì dá.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí wọ́n ṣe dáadáa níbí. Ọ́fíìsì kan wà nílé ìwé fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó máa san owó ilé ìwé díẹ̀díẹ̀, wọ́n fún un lówó díẹ̀ nínú àpò ìrànwọ́, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kàwé nílé, kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá mo jẹun. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí ojú rere bẹ́ẹ̀. Ṣáájú oṣù kẹfà 2023, bíi 460 náírà ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá 1,500, owó náírà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ilé kò sì ká owó ilé ìwé mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, yunifásítì kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan kúrò nílé ìwé torí wọn ò rí owó san lákòókò.

NELFUND, ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nílé ní 2024, ń san owó ilé ìwé tààrà fún yunifásítì, ó sì ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣù láìsí èlé. Àbúrò mi ń gbà á, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí ó bá fi múdù ìrẹsì àti ẹ̀wà sílé, owó ọkọ̀ ló kù. Odidi ọdún kan rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó san ní Kutunku.

Ní 2022, Sẹ́nétọ̀ Smart Adeyemi láti Kogi gbé àbá òfin kan wá pé kí lánlọ́ọ̀dù Abuja má gbà ju owó oṣù mẹ́ta lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kí ìyókù sì jẹ́ oṣooṣù. Kò tíì di òfin. Fún òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, mo fara mọ́ ọn. Fún akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn ohun tí ojú mi ti rí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, sẹmẹ́sítà kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ kí wọ́n máa gbà á: kò ní wọ Màmá lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní máa kanlẹ̀kùn lóṣooṣù.

Àwa ọmọ Yorùbá mẹ́fà níbí ti dá àjọ tiwa sílẹ̀, £150 lóṣù. Ẹni tí gbèdéke owó ilé ìwé rẹ̀ bá sún mọ́lé jù ló ń kọ́kọ́ kó o. Ọmọ Ọ̀fà ló kó ti àkọ́kọ́. Ẹni tí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ bá já gbọ́dọ̀ sọ fún wa kí ọjọ́ ìdájọ tó pé. A ó pín ìdá tirẹ̀ láàárín ara wa, kó dá a padà nígbà tọ́wọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́.