Báàgì Méjì, Ojú Kan

Abúlé wa kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akólẹ̀ ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. A ò sì wá a rí. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti ti ewùrà, ewúrẹ́ ló ni wọ́n. Eérú ń lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìgò ńkọ́? Ta ló jẹ́ da ìgò nù lójú ìyá mi tó ń ta epo! Ìwọ̀nba ọ̀rá tó bá ṣẹ́ kù, a ó dáná sun ún lórí ààtàn, gbogbo àdúgbò á sì jọ máa wúkọ́.

Àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ oṣù 8 wá ṣe Iléyá láti Èkó, tòun ti pampers. Mo dáná sun ún, ó kọ̀, ó kàn wú, ó ń rú èéfín bí arúgbó tó ń fa ìkòkò tábà. Mo gbẹ́lẹ̀ sin ín. Lóru, ajá lọ hú u, ó to mẹ́ta sẹ́nu ọ̀nà Alájì kó tó jáde lọ kírun àsùbáà. Ìyá mi ní aṣọ lòun fi ṣe ìlédìí fún àwa méjèèjì, ajá kankan ò sì mọ̀ pé òun bímọ.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, mo di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, mo so ó pinpin, mo tì í bọnú báàgì tí wọ́n pín níbi ayẹyẹ 80 ọdún màmá kan lábúlé wa, tí àwòrán màmá náà wà lára rẹ̀ gbàgàdà. Mo mọ ibi àgbá ìdọ̀tí ńlá kan létí ọjà n'Íjẹ̀bú-Òde. Màá jù ú síbẹ̀, màá wá lọ wo ẹṣin àti àwọn regbẹ́regbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà. Dẹ́rẹ́bà gbé e sí búùtù.

Nígbà tí mo sọ̀, mo nawọ́ mú báàgì, màmá ń rẹ́rìn-ín sí mi, mo lọ jù ú. Mo tiẹ̀ gbóòórùn àlùbọ́sà. Mo ní háà, kí ni wọ́n ń fún ọmọ yìí jẹ l'Ékòó?

Ìrọ̀lẹ́ tí mo padà délé, ìyá kan láti ìsàlẹ̀ abúlé ti dúró sójúde wa, gèlè rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Báàgì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹran mi dà?"

Itan àgbò díndín ló gbé lọ kí àwọn àna rẹ̀. Ọkọ ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja gba pampers. Ìyá ọkọ ní kí wọ́n gbé abọ́ tánganran wá, ó ń tú ọ̀rá, ó ń wúre lọ níwájú àlejò. Òórùn ló ṣe àmín.

Ìyá mi wọlé lọ mú ẹran tiwa fún un. Ó pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ níbi tó ti fi ìborùn di ẹnu.

Obìnrin náà gba ẹran. Báàgì, ó ní kí n máa lò ó. Mo so ó rọ̀ sórí igi ọsàn lẹ́yìn ilé. Ajá ti jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀.