George ìgbín orí igi àti ẹṣin òkun Knysna

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2019 ni George kú ní erékùṣù Oahu, ní Hawaii. Ìgbín orí igi ni, ó ti tó ọmọ ọdún 14, Achatinella apexfulva sì ni orúkọ irú rẹ̀. Òun ló kù gbẹ̀yìn. Bó ṣe kú báyìí, ìran náà parẹ́.

Èmi tí mò ń sin ìgbín lẹ́yìnkùlé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ìgbín tèmi a máa wa ilẹ̀ rírọ̀, a sì yé ẹyin sí i, èmi a máa wọ́n omi sí i kó má baà gbẹ. Irú ti George kì í yé ẹyin, ọmọ kan ṣoṣo ló máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, láàyè. Akọ àti abo wà nínú ara rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n wá ẹnìkejì fún un, wọn ò rí.

Èyí ló jẹ́ kí n ronú kan ẹṣin òkun Knysna, ẹja kékeré kan tí orí rẹ̀ jọ ti ẹṣin. Nínú tiẹ̀, akọ ló ń lóyún: abo á da ẹyin sínú àpò tó wà níkùn ọkọ, ọkọ á sì gbé e títí táwọn ọmọ á fi jáde. Ẹnu odò mẹ́ta péré ní Gúúsù Áfíríkà ló ń gbé: Knysna, Swartvlei àti Keurbooms. Ní 1991, nǹkan bí 3,000 wọn ló kú ní Swartvlei. Kò mọ omi wẹ̀ dáadáa, ìrù ló fi ń di koríko mú.

Ọwọ́ ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ìbátan ìgbín wa, tó wá láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ló ń ba irè oko jẹ́ ní Hawaii, ni wọ́n bá gbé ìgbín apẹran kan wá láti Florida ní 1955 kó lè pa á. Ìgbín apẹran náà ń tọ ipa omi yíyọ̀ tí ìgbín máa ń fi sílẹ̀, ó sì yà sídìí àwọn ìgbín orí igi, ó ń jẹ wọ́n. Àwọn eku pẹ̀lú ń jẹ wọ́n.

Ní Knysna, wọ́n kó òkúta sínú àpótí wáyà láti fi di etí omi mú nígbà tí wọ́n ń kọ́lé sí Thesen Islands. Ẹṣin òkun wọ inú rẹ̀, ó ń pọ̀ síbẹ̀ ju inú koríko lọ.

Ní 2017 wọ́n gé mìlímítà 2 lára ẹsẹ̀ George, wọ́n fi pamọ́ sínú òtútù ní San Diego. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi ni owó tí a fi ń dáàbò bo irú ẹ̀dá báyìí wà lọ́wọ́ mi, àpótí wáyà ni mo máa kọ́kọ́ ná an lé.